Àmù Tí Màámi Fọ̀

Àmù tí a fi ń mu omi nílé wa kì í ṣe ti ìyá mi níbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló rà á ní Ìpetumodù, tó sì fi orí rù ú wá sí Ifẹ̀, nítorí kò gbà kí awakọ̀ kankan bá òun gbé e. Kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, a fi iyanrìn tútù dì í nídìí, a sì fi ọpọ́n pẹlẹbẹ dé e lórí. Màámi kì í fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́. Ó ní bí amọ̀ bá ti mu ọṣẹ, kì í gbàgbé. Bí omi bá lọ sílẹ̀, a ó bu òmíràn lé e. Nítorí náà, inú àmù yẹn ń yọ̀ bí ara ẹja, ó sì ti di àwọ̀ ewé. Àlejò kì í rí ibẹ̀. Ahá la fi ń bu omi fún wọn, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé ó tutù.

Àǹtí ló kọ́kọ́ fẹ́ rí ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó háyà yàrá kan lọ́wọ́ wa ní Mayfair, àdúgbò wa ní Ifẹ̀. Èmi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ojú sì máa ń tì mí láti bá ẹni tó kàwé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí kì í jẹ́ kí n ríbi sá sí. Yóò gbé àpótí wá síbi tí mo ti ń fọṣọ, yóò máa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bi í léèrè.

Ó ní àwọn ohun alààyè kan wà nínú omi tí ojú lásán ò lè rí. Ó ní ohun kan wà lára ohun alààyè kọ̀ọ̀kan, òun ló ń jẹ́ kí ọmọ jọ baba, kí ẹni tó gbin ẹ̀wà má lọ ká àgbàdo. Bí wọ́n bá ka ohun náà, wọn yóò mọ irú àwọn tó ń gbé inú omi. Ẹ̀rọ tó ń kà á ò sí nítòsí, nítorí náà olùkọ́ rẹ̀ tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun ni yóò bá a gbé omi lọ. Bí èsì bá sì jáde, wọn ò ní í tì í mọ́nú àpótí. Wọn yóò gbé e sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí àwọn oníwádìí káàkiri ayé ń kó tiwọn jọ sí, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láti ìlú tó bá wà, kó sì mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo bi í pé, "Wọn ò ní í jí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ní í jí omi tí wọ́n gbé sẹ́bàá ọ̀nà fún èrò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Ìyá àgbà máa ń gbé ìkòkò omi sẹ́bàá ọ̀nà oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àmù wa wù ú nítorí pé ó ti gbó, tí ọṣẹ ò sì kàn án. Ó ní òun yóò wá bu omi níbẹ̀ ní Sátidé. "Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Bó ṣe wà yẹn gan-an ni mo fẹ́ ẹ."

Màámi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo lọ jíṣẹ́. Mo sọ pé Àǹtí fẹ́ bu omi àmù. Mo sọ pé omi náà yóò dé òkè òkun, gbogbo ayé yóò sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí n tó dé ìdí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, Màámi ti dìde.

"Gbogbo ayé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Gbogbo ayé fẹ́ rí inú àmù mi? Àmù tó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ yìí? Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, lọ gbé kànìnkànìn wá!"

"Màámi, Àǹtí ní ká má..."

"Ká má kí ni? Ká máa fi ìdọ̀tí kí àlejò? Àǹtí ní ìwé lórí, èmi náà ní ilé tí mo ti jáde wá."

Mo lọ gbé kànìnkànìn wá. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn: ọ̀rọ̀ á dé ẹnu mi, á jókòó síbẹ̀. Màámi da omi àmù nù, ó fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́, èmi ni mo di ìdí rẹ̀ mú. Ohun àwọ̀ ewé yẹn ń ṣàn gba ẹ̀yìn ilé lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó rán mi lọ pọn omi ẹ̀rọ, ó ju álọ́ọ̀mù sí i kó lè mọ́ gaara. Nígbà tí a ṣe tán, mo rí ojú ara mi nínú omi náà. Inú mi ò dùn sí i.

Ní Sátidé, Àǹtí dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ìgò àti kúlà tó kún fún yìnyín. Màámi ti ró aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bù ú dáadáa o, ọmọ mi. Kí wọ́n rí i níbẹ̀ pé a kì í ṣe ará oko."

"Ẹ ṣé gan-an, Màmá." Kọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn, Àǹtí kàn ri ìgò bọ omi, kò wo inú àmù. Ohun tí mo ti sọ fún un ni pé mo ti jíṣẹ́, ó sì gbà mí gbọ́.

Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgò náà. Ó ní lábẹ́ èsì rẹ̀ ni wọn yóò kọ ọ́ sí pé omi àmù tí wọn kì í fọ̀ ni, ní Ilé-Ifẹ̀. "Ẹnì kan á kà á ní Jàpáànù. Kò mọ̀ mí, kò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n á gbà wá gbọ́, á sì kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ lé tiwa." Ó ní orí omi yìí náà ni ìwé ẹ̀rí òun dúró lé.

Bí mo bá sọ pé a ti fọ àmù, mo ti fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹni tó háyà yàrá rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ wa ni yóò jókòó sójú títì, tí èrò yóò máa bù mu.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá a nídìí kànga.

"Àǹtí, a fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ kí ni?"

"Àmù. Omi ẹ̀rọ ló wà nínú ìgò yẹn. A fi álọ́ọ̀mù sí i."

Ó fọwọ́ bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni, lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. "O sì ní o ti jíṣẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Màámi. Ó ṣèlérí, kò sì sọ. Ó kàn gbé ìgò lọ sẹ́yìn ilé, ó da omi náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni Màámi wà.

Ẹni tí a bá fún lómi, bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ ẹ́, á fi kan ẹnu. Kì í dà á nù lójú onílé.

Màámi ò pariwo. Ó ní, "Ó da omi mi nù." Ó yíjú sí mi. "Kí lo sọ fún un?"

Kò dúró kí n fèsì.

"Ọwọ́ ta ló di ìdí àmù mú fún mi?"

"Ọwọ́ mi ni, Mà."

"Ó dáa."

Ìgbátí ìbá sàn fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó da omi tó kù nù, ó yí àmù náà dé ẹ̀yìn ilé, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ike ńlá la bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọnmi sí. Àǹtí wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" ni Màámi wí. "Èmi ni mo ṣèèṣì fún yín ní omi tó mọ́. Ẹ máa dárí jì mí."

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó bá wa pààlà ni Àǹtí ti rí omi bù kí olùkọ́ rẹ̀ tó gbéra. Ìyá yẹn ò fọ àmù rẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ ká sinmi.

Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á ní, "Ẹ ò gbọ́ bí? Omi mi ti wọ ọkọ̀ òfuurufú! Èmi fúnra mi ò tíì dé Ìbàdàn!"

"Ẹ kú oríire," ni Màámi á dá a lóhùn. "Ṣé àwọn ìdin inú rẹ̀ náà rí ìwé ìrìnnà gbà?"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Màámi á wọlé, mo sì ń rí i bó ṣe ń wo kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí iyanrìn nìkan kù sí.

Ó pẹ́ kí èsì tó jáde. Àǹtí mú mi lọ sínú ọgbà yunifásítì, ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà mẹ́rin péré tí ẹ̀rọ fi kọ ohun tó kà ló ń tò tẹ̀lé ara wọn lọ bí èèrà, mo mọ gbogbo wọn, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lókè rẹ̀, mo ka Ilé-Ifẹ̀. Inú Àǹtí ń dùn, ó ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo bá a yọ̀ lẹ́nu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká ní mo kọ́kọ́ sọ "ẹ má fọ̀ ọ́", kí n tó sọ "gbogbo ayé", àmù ìyá àgbà ni ìbá wà níbẹ̀.

Àǹtí gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì kó lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo yí àmù náà dìde. Adìẹ ti ń sùn lórí ìdí rẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, omi òjò kún un, mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màámi kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìwò ó. Ó ń bomi mu nínú ike rẹ̀.

Ìgbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa ló tó dúró tì í lọ́jọ́ kan. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ó sì fi pa àtàǹpàkò rẹ̀, bí ẹni tó ń dán aṣọ wò.

"Ó ti ń yọ̀," ló wí. "Lọ sọ fún Àǹtí rẹ pé àmù mi ti ń dọ̀tí. Kó wá bù ú."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí ẹ̀rín níbẹ̀. Mi ò rí i. Ó mọ̀ pé Àǹtí ò sí nílé wa mọ́. Mo ní, "Mo gbọ́, Mà," mo sì dúró síbẹ̀ títí ó fi wọlé, bí ẹni pé ẹnì kan wà tí mo lè lọ jíṣẹ́ náà fún.