Abà Onílé Méje

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi sí ọ̀dọ̀ ìyá Jámánì yẹn ní Thamesmead, n kò tíì pé ọdún kan ní London, ara mi kò sì balẹ̀ níbì kankan. Mo ti kó kúrò ní yàrá mẹ́ta. Èyí tí mo wà nígbà náà wà nítòsí Plumstead Common. Èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ la jọ háyà rẹ̀. Bó bá ti dé láàárọ̀, èmi á dìde fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Páṣípọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, mo ń retí èsì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé, aago ni mo sì máa ń wò ṣáá.

Ìyá náà ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Sójà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ló fẹ́ ẹ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tó mú un wá sí Woolwich. Ọkọ náà ti kú, wọn kò bímọ. Ó ń dá gbé nínú fúláàtì òkè kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún omi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń gbọ̀n, kò lè de bọ́tìnì, kò lè kọ̀wé. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, tí mò ń wọṣọ fún un. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n "ẹ" ni mò ń pè é lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń so okùn bàtà rẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé ìwé kíkọ rẹ ṣeé kà?"

"Ó ṣeé kà, Mama."

"Èmi kì í ṣe ìyá rẹ," ó wí. "Wá ní Sátidé. Mo fẹ́ kí o bá mi kọ ìtàn ìlú mi."

Mo rò pé ìlú gidi ni. Ìgbà tí mo jókòó tì í ní Sátidé ni mo tó mọ̀ pé abà ni: ilé méje, kànga kan, àti ọ̀nà kan tó gba àárín wọn wọnú igbó lọ. Kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ rẹ̀ gùn débi pé n kò lè pè é títí dòní. Ìdílé bàbá mi náà ní abà kan lẹ́yìn Oǹdó níbi tí wọ́n ti ń ṣe kòkó, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, n kò sì béèrè rí.

Ó ń sọ, mò ń kọ. Ilé kìíní ti jóná lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bí i. Ní ilé kejì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan jà nítorí màlúù, wọ́n mọ ògiri sáàárín ilé, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí àwọn méjèèjì fi kú. Ilé tiwọn ni ìkẹta. Bàbá rẹ̀ ló dà bíi baálẹ̀ níbẹ̀, igi píà kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Píà tiwa tí a fi ń jẹ búrẹ́dì ni mo rò. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní èso òyìnbó mìíràn ni, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Òun náà kì í lè jókòó pẹ́. Á dìde, á di irin ìrìn rẹ̀ mú, á lọ sí ojú fèrèsé, á tún padà.

Nígbà tí a parí ilé kẹfà, ó ní kí n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ti parí.

"Ilé méje lẹ wí, Mama."

"Mẹ́fà ni mo wí."

Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo fi hàn án. Kò wò ó. Ó ní ó rẹ òun, kí n máa lọ sílé.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n wó ògiri tí wọ́n fi pín Jámánì. Ẹ̀bá ààlà gan-an ni abà rẹ̀ wà, ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò dé. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò gbúròó ibẹ̀ mọ́. Ó wo tẹlifíṣọ̀n títí kò rántí oúnjẹ. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ kan, mo bá àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló fi dì í. Ṣùgbọ́n dókítà kọ̀, ó ní ọkàn rẹ̀ kò lè gba ìrìn àjò.

"Ìwọ bá mi lọ," ó wí fún mi.

"Páṣípọ́ọ̀tù mi ò sí lọ́wọ́ mi."

Ó wò mí bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rí mi nìyẹn. "Á jẹ́ pé ibi kan náà ni wọ́n há àwa méjèèjì mọ́," ó wí.

A kọ lẹ́tà sí pásítọ̀ ìlú tó wà nítòsí abà náà. Èdè Jámánì ni, ó ń pe álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń kọ ohun tí n kò gbọ́. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Nígbà tó dé, ó kà á tán, ó tì í sábẹ́ itan rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí, Mama?"

"Fún mi ní tíì."

Ní ọjọ́ karùn-ún, bí mo ṣe ń ya irun rẹ̀, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìjọba apá ìlà-oòrùn ọ̀hún ti kó gbogbo ará abà náà kúrò ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n fún wọn ní wákàtí méjì kí wọ́n di ẹrù, wọ́n kó wọn sínú lọ́rì. Lẹ́yìn náà katapílà wó gbogbo ilé, nítorí ó ti sún mọ́ ààlà jù. Kànga nìkan ló kù, wọ́n sì ti fi kọnkéré dí i lẹ́nu.

Mo ń ya irun náà lọ.

"Ní Sátidé," ó wí, "a máa kọ ilé keje."

Ní Sátidé náà, kò jókòó rárá. Etí igbó ni ilé keje wà, tọkọtaya kan ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò lè sọ̀rọ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Jámánì ìgbà náà ní kí wọ́n kọ orúkọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá. Bàbá òun, tó dà bíi baálẹ̀, ló kọ orúkọ ọmọ náà. Mọ́tò kan dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá òun lábẹ́ igi píà, wọ́n béèrè ilé náà. Òun ló ṣáájú wọn lọ. Ìyá ọmọ náà ti fi í pamọ́ sí ilé koríko màlúù, níbi tí gbogbo ọmọ abà ti máa ń sá pamọ́ tí wọ́n bá ń ṣeré.

"Wọ́n bi mí, mo sì nawọ́ síbẹ̀," ó wí. "Wọ́n ní ọsibítù ni wọ́n ń gbé e lọ. Kí a tó kórè, lẹ́tà dé pé òtútù àyà ló pa á. Irọ́ ni, àwọn ló pa á. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà. Mi ò kéré."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. N kò mọ̀ bóyá mo tún lè fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Ní Mọ́ńdè, mo wẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo bi í bóyá omi náà gbóná jù. Ó ní rárá.

Ó ní kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí pásítọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣì wà láàyè, pásítọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì fún un kà. Lẹ́tà ọkùnrin náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ, lójú ẹsẹ̀ sì ni ìyá náà túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní òun kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá òun. Ṣé ọmọ náà ń sunkún nígbà tó ń wọ mọ́tò? Ìyá òun béèrè títí ó fi kú.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ro èsì náà. Nígbà tó pè é fún mi tán ní Sátidé, ó kún ojú ewé kan, mo sì bi í ohun tí mo kọ.

"Pé kò sunkún. Kò wọ mọ́tò rí, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Mo rí i dáadáa, nítorí èmi ni mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un."

Ìyẹn kò sí nínú ohun tí a kọ tẹ́lẹ̀. Mo lẹ sítáǹbù mọ́ lẹ́tà náà, mo sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà kí n tó wọ bọ́ọ̀sì.

Ọkùnrin náà kò fèsì. Láràárọ̀, kí n tó bọ́ kóòtù mi, ìyá náà á ti béèrè, "Lẹ́tà dà?" Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Kent. Páṣípọ́ọ̀tù mi jáde lọ́dún yẹn, mo gba iṣẹ́ mìíràn, mo tún kó ilé. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kò dá mi mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó béèrè lẹ́tà.

Nítorí náà, tí bọ́ọ̀sì mi bá gba Thamesmead kọjá, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń gun òkè lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé fúláàtì náà báyìí, láti béèrè bóyá nǹkan kan wá láti Jámánì. Wọ́n ní rárá. Ìgbà kẹta ni ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀ wí fún mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé kí n má wàhálà ara mi mọ́. Mo dúpẹ́. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí mo ti gbọ́ pé ìyá náà kú.