Ìlà Kẹrin Orin Magdalene

Àwọn kan ń sọ pé ikú òjijì ló pa Magdalene Adéyanjú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa ní River Road, níbí nílùú Òyìnbó, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe ní àdúgbò Whalebone. Lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò bọ́ bàtà, yóò wọ sùtánà, yóò sì jókòó sídìí dùùrù. Òyìnbó Jámánì kan ló kọ́ baba ńlá rẹ̀ ní dùùrù ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà, Ẹ̀mí a máa fún atẹdùùrù kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé wọn ní orin kan ṣoṣo, onílà mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ ìlà kẹrin sílẹ̀ kì í rí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí orin ṣe pa Adédìran, baba Magdalene, nìyẹn.

Magdalene kọ ìlà mẹ́ta orin tirẹ̀ sílẹ̀, ó dúró.

“Ẹ̀gbọ́n Magda, orin yín yìí ò mà nírù!” ni Sylvanus, olórí akọrin, máa ń wí. “Ṣé ewúrẹ́ tí wọ́n gé nírù ni?”

“Ṣé kò ṣì ń jẹko? Fi í sílẹ̀.”

Kò sọ ìdí rẹ̀ fún Wúrà, ọmọ rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Wúrà pín ìwé orin ìyá rẹ̀ fún wa níbi ìdánrawò. A kọ ìlà mẹ́ta lórin, a sì kọ ìkẹrin. Magdalene gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù.

“Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, Mọ́mì! Ẹ ń kùn ún lójú oorun, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.”

Magdalene gba gbogbo ìwé náà, ó ya wọ́n. Ó mú bírò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kẹrin, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

“Ohun kan náà ṣáà ni mo kọ, Mọ́mì!”

“Ìwọ kọ́ lo kọ ọ́. Gbogbo yín ṣe ẹlẹ́rìí: èmi ni.” Lẹ́yìn náà ló tó sọ ọ̀rọ̀ ìdílé wọn fún wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èmi àti Sylvanus lọ sílé wọn. Wúrà ló ṣílẹ̀kùn, ara rẹ̀ le koko, nǹkan kan kò ṣe é. Ìyá rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì. Ó ti kú, ara rẹ̀ ti tutù.

“Ẹ wo ọwọ́ wọn,” ni Wúrà wí.

Sylvanus ní iṣan ló ń fà. Mo wò ó dáadáa, kí n má baà purọ́. Àwọn ìka náà ń tẹ aṣọ tábìlì bí ẹni ń tẹ dùùrù, wọn kò sì ṣì í: ìlà kẹrin ni.