Ojú Ìyá Rúùtù Tó Di Aró

Inú Rúùtù Ọláìyá kò tíì rọ̀ dòní, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Nígbà tí ìlú le koko, Rúùtù ń ṣe ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òmù-Àrán. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn lójú rẹ̀. Àléébù kan ló kù. Nínú àwòrán, nọ́ńbà mẹ́ta ló ń tò tẹ̀ lé ara wọn fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: pupa ṣáájú, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, búlúù kẹ́yìn. Ètò rẹ̀ yìí ń kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, pupa á wá di búlúù.

Ìyá wọn, Janet, kú. Lawrence, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dé láti Èkó, ó ní kó gbé fọ́tò ìyá sórí kọ̀ǹpútà, kí òun lọ tẹ ìwé ètò ìsìnkú ní Ìlọrin. Fọ́tò hàn, ojú ìyá rí bí aró.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí lo sọ ìyá wa dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán náà pé. Ètò mi ló ń kà á sódì. Ẹ fún mi dọ̀sán."

Lawrence kò dúró. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fi pupa inú àwòrán sípò búlúù, ó fi búlúù sípò pupa. Ojú ìyá padà sípò. "Ṣé o rí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ! Ẹ̀rọ Ìlọrin ń kà á bó ṣe yẹ. Búlúù ló máa tẹ̀ jáde!"

Ọláṣẹ̀hìndé, àbúrò bàbá wọn tó bá Lawrence wá, já lu ọ̀rọ̀: "Kúnlẹ̀! Ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń já ní koro?"

Rúùtù kúnlẹ̀, Lawrence sì gbé àwòrán náà lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Hùn! Àwọn àgbà yìí wà lọ́jà, àwọn gan-an ló sì yí orí ọmọ náà wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pín ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ilé ìyá wọn láti Òkè-Onígbìn figbe ta. Aró ni ojú òkú.

"Kọ̀ǹpútà Rúùtù ló bà á jẹ́!" Lawrence ló sọ bẹ́ẹ̀, láìtijú.

Jòhánù, bàbá wọn, gbé ìwé súnmọ́ ojú. "Èyí kì í ṣe Janet mi," ó ní.

Rúùtù dìde, ó ń gba ìwé náà lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti ìlà dé ìlà. Ọláṣẹ̀hìndé pariwo pé kó kúnlẹ̀.

"N ò kúnlẹ̀ mọ́! Mo kúnlẹ̀ lánàá, ẹ sì rí ohun tó bí."

Lawrence di tirẹ̀ mú gírígírí. Rúùtù já a gbà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, bàbá ti na tirẹ̀ sí i.

"Gbà, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ẹyọ kan kù."