Iná Ọkọ̀ Tí Bàámi Fi Ọwọ́ Yẹ̀ Wò

Lọ́dún tí mo ń kọ́ni ní Papalanto, díẹ̀ ló kù kí iná ọkọ̀ pa mí. Láfẹ́nwá ni mò ń gbé nígbà náà, nílé bàámi, mo sì gbọ́dọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó lu agogo àkọ́kọ́. Ìdájí ni mo máa ń gbéra. Ọkọ̀ mi ti gbó. Èmi ni ẹni kẹta tó ń wà á, àwọn tó wà á ṣáájú mi kò sì ṣàánú rẹ̀ rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nígbà ọyẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Wásinmi ni iná iwájú méjèèjì bá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pọ́n bí ẹyín iná, wọ́n sì kú. Kùrukùru ti bo ojú títì. Mo tẹ bíréèkì, mo yà sínú koríko. Kò pẹ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó sìmẹ́ǹtì fi eré kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì mi ọkọ̀ mi jìgìjìgì. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù tó ń bà mí lọ.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, nítorí wàhálà iná yìí náà, mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹ́ta nínú àwọn tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Èkíní pààrọ̀ gílóòbù. Èkejì pààrọ̀ fíùsì. Ẹ̀kẹta wò ó, ó mi orí, ó ní, "Àǹtí, ẹ tà á. Wáyà inú ẹ̀ ti jẹrà."

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni bàámi tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tọ́jú wáyà àwọn iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú irin. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni àrùn ojú mú un, kò sì rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni iná méjèèjì kú?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, bàámi."

"Gílóòbù méjì kì í bára wọn kú bẹ́ẹ̀. Ibi tí wáyà wọn ti pàdé ni ká wá. Lọ́la, má wọ aṣọ tó dáa."

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé àpótí síwájú ọkọ̀ fún un, ó jókòó. Ó ní kí n fun fèrè. Ó dún dáadáa. Ó ní, "Bátìrì kọ́ nìyẹn." Ó ní kí n tan iná ńlá, kí n wá tẹ tíráfíkétọ̀, iná tí a fi ń sọ pé a fẹ́ yà. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́, iná iwájú, tó tún tàn pọ́n bíi ti àná, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bí i tíráfíkétọ̀ gan-an. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀nà méjì ni iná ní," ó wí. "Ó ń ti orí bátìrì wá, ó sì gbọ́dọ̀ gba ara irin ọkọ̀ padà síbẹ̀. Tèyí kò rọ́nà padà, ló fi ń gba ọ̀nà ọlọ́nà. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni, wáyà àbọ̀."

Ó ní kí n mú wáyà gígùn kan, kí n so orí rẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ bátìrì tí iná ń padà sí, kí n fi ìkejì kan ẹsẹ̀ gílóòbù tó yẹ kí iná gbà padà. Iná náà là yàà. Ó dìde, ó na ọwọ́ títí ó fi kan gíláàsì iná náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ń gbóná," ó wí. "Èyí tàn."

Mo ní kí a kúkú fi wáyà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀.

"Ibi tó bàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Wá a."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ wáyà àbọ̀ náà, èyí tó dúdú, lọ, lábẹ́ ìdọ̀tí àti òróró. Ìgbà méjì ni mo pàdánù rẹ̀ tí mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ládùúgbò dúró wò wá.

"Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kò sí ọkùnrin nínú ilé ni?"

Bàámi ló dá a lóhùn. "Ọkùnrin wà, kò ríran. Èyí tó ríran ló ń ṣe é."

Oòrùn ti kan àtàrí kí n tó rí i. Abẹ́ ìjókòó bátìrì ni wáyà náà parí sí, lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan. Ẹni tó kun ọkọ̀ náà nígbà kan ti kun ọ̀dà mọ́ ọn, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀dà. Mo fi sípánà tú u, mo fi sáńpépà ha á títí irin fi ń dán, mo dè é le. Nígbà tí mo tan iná, ara ògiri ilé wa funfun báláú.

Inú mi dùn, mo fẹ́ lọ fọwọ́. Bàámi ní, "Mi ọkọ̀ náà."

Mo gbá a mú níwájú, mo mì ín. Iná apá òsì kú, ó tún tàn. Mo fẹ́ sunkún. Mo tún tẹ orí ba, mo sì rí wáyà kan tí etí rédíétọ̀ ti ha títí bàbà inú rẹ̀ fi hàn síta. Mo fi tépù wé e, mo so ó jìnnà sí irin. Wọ́n ti ń pèrun alásárì kí n tó mi ọkọ̀ náà, tí iná kankan kò ṣẹ́jú mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, mo bá bàámi ní yàrá àlejò, ó ti wọ bàtà. Ó ní òun ń bá mi lọ. Bí a ti ń sún mọ́ Wásinmi, ó bi mí bóyá iná ń tàn. Mo ní ó ń tàn. Ìgbà mẹ́rin ló tún bi mí kí a tó dé Papalanto.

Abẹ́ igi ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló jókòó sí títí a fi parí iṣẹ́. Olùkọ́ kan tí ọkọ̀ tirẹ̀ náà ń ṣe wàhálà iná gbọ́ ìtàn wa, ó lọ bá a, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo tiwa náà."

Bàámi ní, "Ẹ pe ọmọ mi. Òun ló mọ̀ ọ́n ṣe."