Wálé Ló Fọwọ́ Sí I

Ó yẹ kí tọmọdé tàgbà gbọ́: Ajíbádé ará Òkè-Sópẹ́n kì í kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ kó tó kí bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì tó fi ń fa ọkọ̀ tó bá rì sẹ́rẹ̀ ni mo wí. Á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Ìyàwó rẹ̀ ti gba kámú.

Olóògbé Ọláwálé tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ń kí. Lára bẹ́líìtì tí bàbá náà fi sílẹ̀ fún un, àmì kan wà: W.L.L., tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ajíbádé kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ bó bá rí i. Wálé ni, ọ̀gá kàn ń kánjú tó fi fo lẹ́tà tó kù ni. Ẹ́ẹ̀lì kejì, ẹ̀ṣọ́ ni. Bí Wálé bá ní mẹ́ta, ta ni yóò fi fa mẹ́rin?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Efire, ìkùukùu ọ̀sà bo ilẹ̀ débi pé àwọn igi dà bí ẹni ń rìn lórí omi. Ọkọ̀ akẹ́rù Moyọ̀sọ́rẹ, oníṣòwò ẹja, ti rì sínú ẹrẹ̀, yìnyín orí ẹja sì ń yọ́, tó, tó, tó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà á! Ẹja mi fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì."

"Ọkọ̀, ẹja, ẹrẹ̀ tó dì í mú: ó ti ju mẹ́ta lọ. Ọ̀gá mi ò gbà."

"Ọ̀gá wo? Ẹ̀yin nìkan ni mò ń wò níbí." Ó tọ́ka sí nọ́ńbà mìíràn nísàlẹ̀ àmì náà. "Mẹ́sàn-án rèé!"

"Kì í ṣe ọ̀gá mi ló kọ ìyẹn."

Bẹ́líìtì tó bá já kì í bèèrè ọmọ ta ló dúró sítòsí. Nínú ìkùukùu, Ajíbádé ń gbọ́ ohùn ọ̀gá, jẹ́ẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi: ẹ já ẹrù, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ bú u dáadáa, ó sì bá a já ẹja. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ìdí táyà. Nígbà tí Ajíbádé wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ fà á, ọkọ̀ akẹ́rù náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni jí lójú oorun. Yìnyín ṣì kù.

Moyọ̀sọ́rẹ ń bá a ká bẹ́líìtì nígbà tó rí ìkọ̀wé wínníwínní lẹ́yìn àmì náà, ó sì kà á.

"Ẹ̀gbọ́n, gẹ̀ẹ́sì ni W.L.L. yìí o! Working Load Limit: ibi tí ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ mọ ni mẹ́ta yẹn. Mẹ́sàn-án ni ibi tó ti máa já. Gbogbo bẹ́líìtì ayé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí."

Ajíbádé gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ayé?" Ó mi orí. "Mo mọ̀ pé ọ̀gá lajú. N ò mọ̀ pé ó rìn tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ta ni nínú yín tó fẹ́ lọ bá a jiyàn?