Fíìmù Tí A Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́ Eré Aago Méjì

Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Duport Road, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣàìsàn láàárín aago méjì sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ọmọ bá ṣubú, kó dìde fúnra rẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ń jóná, kó máa jó lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó síwájú tẹlifíṣàn nìyẹn, àwọn obìnrin àgbàlá sì ti yí i ká, àwọn kan lórí ẹní, àwọn kan lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Eré àwọn òyìnbó kan ni wọ́n ń wò, eré tó ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé Làìbéríà, tí kò sì jọ pé yóò parí kí Jésù tó dé.

Sópù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ mẹkáníìkì fún àwọn sójà Nàìjíríà nígbà ogun, tí kò sì bá wọn padà sílé nígbà tí ogun parí, a máa pè é ní ọṣẹ. Á ní, "Ọṣẹ tí kì í fọ aṣọ, ọṣẹ́ ló ń ṣe." Síbẹ̀ òun náà ló máa ń bu epo sínú jẹnẹrétọ̀ kí aago méjì tó lù, torí ó mọ ẹni tó ń se oúnjẹ òun.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Broad Street ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni mò ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ọjọ́rú nìkan ni mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án, Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan sì ni mo máa ń fi inú rẹ́rìn-ín. Nínú eré náà, ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́. Wọ́n á jí pẹ̀lú ètè tí wọ́n ti kùn, wọ́n á máa gun àtẹ̀gùn sókè sódò, wọ́n á máa sọ ohun tí gbogbo wọn ti mọ̀ fún ara wọn. Bí ẹnì kan bá ní àṣírí láti sọ, á kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, á kọjú sí fèrèsé. Obìnrin kan dákú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wíìgì rẹ̀ ò yẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú nínú bàlúù tó já, wọ́n sin ín, wọ́n sunkún, ó sì tún wọlé wá pẹ̀lú irùngbọ̀n, kò rántí ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Ohun tó mú mi kọjá ẹ̀rín ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ wa, ará Nàìjíríà bíi tiwa, ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kọ tirẹ̀. Pásítọ̀ kà á sókè, ó ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ fún arábìnrin wa kan tó ti wà lórí ibùsùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí ọkọ rẹ̀ tún gbàgbé rẹ̀. A gbàdúrà kíkan kíkan. Àwọn kan fi ahọ́n àjèjì sọ̀rọ̀. Màmá àgbàlagbà kan sunkún. Àwa obìnrin àgbàlá wa nìkan la mọ̀ pé inú tẹlifíṣàn ni arábìnrin náà ń gbé.

"Àǹtí," mo bi í nígbà tí a ń bọ̀ wálé, "ẹ ò ṣe sọ fún Pásítọ̀ pé eré ni?"

"Ọkọ mi kékeré, ṣé Ọlọ́run kì í wo tẹlifíṣàn ni?"

Ní ọjọ́ Ajé, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, mo ti tẹ ojú ewé mẹ́ta. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, fíìmù ti jáde nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yẹ̀yẹ́. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin ará Monrovia kan ní Carey Street, tó ń fi kámẹ́rà ya ìgbéyàwó. Ó kà á ní ìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ti rí tòun, pé gbogbo ìyàwó tuntun ló ń fẹ́ kí òun ya àwọn bí ẹni inú sópù, kí ọkọ máa sáré bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ó ní, "My sister, I will do it. My heart been hot long time." Inú ti ń bí i sí sópù tipẹ́.

Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ṣeré. Èmi ni ìyá ọkọ, olówó tí kì í bọ́ ìbọ̀wọ́. Olórí akọrin ni òkú tó jí dìde. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ìwé la fi lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn lágbọ̀n, ọjọ́ kẹta ló tó ṣí. Obìnrin tó dákú máa ń dìde tí dókítà bá ti jáde, á kun pọ́dà, á tún dùbúlẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá tí a lò, nítorí náà nígbà tí àṣírí pọ̀, àwọn òṣèré tò síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọnmi, olúkúlùkù ń dúró kó kàn án. Mo tún fi ìjọ kan sí i tó ń gbàdúrà fún obìnrin inú tẹlifíṣàn. Mi ò ní purọ́, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan la fi í hàn ní ilé fídíò tó wà lẹ́bàá ọjà Duport Road. Àga onípákó kún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú, ó lejú koko. Pásítọ̀ jókòó sí ìlà kejì, ó wá kí àwọn akọrin rẹ̀ kú iṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé ti ń mì fún ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n tò sójú fèrèsé, ọkùnrin kan ṣubú lórí àga rẹ̀. Nígbà tó kan ìjọ tó ń gbàdúrà, Pásítọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ó nu ojú, ó ní, "Irú ìjọ wo lèyí? Ṣé wọn ò ní olùṣọ́àgùntàn ni?" Gbogbo ìlà náà tẹjú mọ́ bàtà wọn.

Lẹ́yìn náà ni òkú kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ dákú. Èmi ìyá ọkọ dákú. Dókítà náà dákú. Fọ́tò ara ògiri já bọ́. Àwọn èèyàn ń pariwo, àfi obìnrin kan tó dìde láàárín wọn tó ní, "My people, stop the thing small."

Onídìrí ni, ará Làìbéríà, àgbàlá kan náà la jọ ń gbé, ó sì wà lára àwọn tó máa ń wo sópù lórí korobá. Ọkùnrin oníkámẹ́rà dá fíìmù dúró. Obìnrin náà kọjú sí mi. Gẹ̀ẹ́sì Làìbéríà ló sọ, ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa tún un sọ.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ọkọ mi sọnù nínú ogun. Wọ́n ní ó ti kú, mo sunkún rẹ̀ tán, mo fẹ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún keje ó wọlé dé láti Gánà. Ìrẹsì ni mò ń ṣàn. Mi ò dákú. Ta ni yóò bá mi gbé ìrẹsì? Ó ní, 'Good afternoon.' Mo ní, 'Good afternoon.' Ó wo ọkùnrin tó jókòó lórí àga rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, 'Bàtà mi nìyẹn.' Ọkùnrin náà bọ́ ọ, ó fi fún un. Mo bu oúnjẹ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun. Kò sẹ́ni tó wo fèrèsé kankan."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Èwo lo wá mú?"

"Èyí tó ń pọnmi."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e, fíìmù wa ò rí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Gbogbo àgbàlá ló mọ̀ pé ọkọ kejì ló ń pọnmi. Ti àkọ́kọ́ ń gbé ní òdìkejì títì, ó sì máa ń wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú.

Ó pé ọdún méjì tí mo ti ń rí obìnrin yẹn ní gbogbo Ọjọ́rú, tí mo ń ka tèmi sí ọgbọ́n, tirẹ̀ sí ìgọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.

"Ọkọ mi kékeré, ṣé o rò pé a ò mọ̀ pé irọ́ ni? Èyí tí wíìgì ò yẹ̀ la fẹ́ wò. Èyí tí wíìgì ti yẹ̀, àwọn obìnrin yìí ti rí i."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bẹ onídìrí pé kó wá bá wa tún ibi tí òkú ti padà wálé yà, kó ṣe ìyàwó. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti ka ìwé tí mo tẹ̀. Nígbà tí olórí akọrin wọlé pẹ̀lú ojú tó fà le, tó ń mí bí ẹni tó sáré, onídìrí lé e jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Kí ni kí n wá ṣe?" olórí akọrin bi í.

"Ṣe bí ẹni tí ebi ń pa."

Ibẹ̀ nìkan làwọn èèyàn ń bèèrè nígbà tí fíìmù náà dé àwọn ilé fídíò mìíràn. Àwàdà tí mo fi ọgbọ́n kọ, àsìkò rẹ̀ ni wọ́n fi ń jáde lọ ra ẹ̀pà.

Ní ti Pásítọ̀, ẹnì kan ti sọ fún un pé ìjọ tirẹ̀ ni ìjọ inú fíìmù náà. Ó fi odindi wákàtí kan wàásù lórí ibùjókòó àwọn ẹlẹ́gàn, kò sì wo ibòmíràn yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n sinmi díẹ̀ nínú akọrin. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, níbi tí mo ti rí i pé àwọn alàgbà tó ń mi orí sí ìwàásù, oorun ló ń mi orí náà fún wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n dárí jì mí. Ohùn áńtò, ohùn tí èmi máa ń kọ, ló tín-ín-rín jù nígbà tí àjọ̀dún ìkórè ń bọ̀, olórí akọrin sì wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n wá gba aṣọ akọrin mi.