Ìyára Tí Làsísì Fi Ra Agbára

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1987, ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, ni mo kọ́kọ́ rí Làsísì Dàwódù, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Agége tí ẹgbẹ́ kàrátè rẹ̀ ti ń péjọ. Suara, ọmọ ẹgbẹ́ náà tí ó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, ń gbá a nípàá léraléra. Làsísì kò yẹ̀ ẹ́. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti gbọ́ pé kò sí ẹni tí ó yára tó o títí dé Ìkejà.

“Bùrọ̀dá Làsísì, ẹ̀ṣẹ́ yín ò tíì dé o,” ni Suara fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

“Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀. Má kúrò níbẹ̀.”

Mo bi Làsísì léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun bàjẹ́, owó Nàìrà ti já wálẹ̀, ohun èlò láti òkè òkun kò sì ṣeé rà mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n wá ń fi pò ó. Láàárín oṣù mẹ́wàá apá rẹ̀ le bí igi ìrókò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Suara sì ti borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánrawò. Ìjà kẹta, tí kì í ṣe ìdánrawò, ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ni yóò pinnu ẹni tí yóò jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́, ipò tí Làsísì ti wà fún ọdún méje.

“Kí ló dé tí ẹ fi ń jẹ́ kó gbá yín?”

“Mo fẹ́ mọ ẹsẹ̀ tó máa ń pẹ́ padà. Tòsì ni. Tó bá ti gbé e dé ìhà, ó máa ń dúró díẹ̀.”

Nínú òfin wọn, ẹni tí a bá kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá kan ilẹ̀, ìjà ti parí. Lọ́jọ́ ìjà kẹta náà, kíá ni Suara kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ju ẹsẹ̀ òsì sí ìhà rẹ̀. Làsísì kò sá sẹ́yìn. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹsẹ̀ náà mọ́ra, ó gbé Suara kúrò nílẹ̀, ó sì rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja.

Mo bi í bóyá yóò gba ìyára rẹ̀ padà bí ó bá ṣeé ṣe.

“Ó wù mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo ṣì ń sáré, Suara á ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ibi tó ń bọ̀ ni mo lọ dúró sí.”